Ìròyìn àwọn gbajúmọ̀ ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì: kí ló dé tí àwọn ọmọ ń pariwo tí wọn ò kàwé?

Ìbéèrè: Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ìlú Oǹdó ló kọ̀wé sí wa pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. SS2 ni mò ń kọ́, ọmọ 45 ló wà ní kíláàsì, kò sí projector, wọn ò sì gbọdọ̀ mú fóònù wá sílé ìwé. Àkàyé inú ìwé tí à ń lò ti sú wọn, ni mo bá mú ìròyìn olórin kan wá. Inú wọn dùn, ariwo sọ, àmọ́ Yorùbá ni wọ́n fi ń pariwo. Nígbà tí mo bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ohun tí wọ́n kà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ìpínrọ̀ kejì. Àwọn mẹ́rin kan náà ló sì ń sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí ni kí n ṣe?"

Ìdáhùn: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ariwo yẹn ò burú, ó sàn ju kíláàsì tí oorun ti gbé lọ. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Kí ìwé yín tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n ti rí ìròyìn yẹn lórí TikTok nílé, wọ́n ti gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n sì ti jà sí i lábẹ́ igi lásìkò ìsinmi. Nígbà tí ẹ wá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọn ò nílò ìpínrọ̀ kejì fún nǹkan kan. Ohun tó mú kí wọ́n fẹ́ràn ìròyìn náà gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n kà á.

Nítorí náà, ẹ má kàn wá ìròyìn tó ń jà ràn-ìn. Ẹ wá èyí tí nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ará ìta ò mọ̀, tàbí tí wọ́n mọ̀ lódì, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè tó jẹ́ pé ìwé tó wà níwájú wọn nìkan ló lè dáhùn rẹ̀. Èyí tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni ìròyìn méjì lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, àti ti ọjọ́ tí òkodoro jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú ti Hilda Baci, alásè tó fẹ́ gba àkọsílẹ̀ àgbáyé fún ẹni tó dáná pẹ́ jù. Kò sí ọmọ SS2 tí kò ní sọ fún yín pé ó dáná fún ọgọ́rùn-ún wákàtí. Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí dáná ní Lẹ́kí, l'Ékòó. Wákàtí 96 ló ní lọ́kàn. Nígbà tó fi di ọjọ́ 15, ó ti kọjá wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45 tí Lata Tondon ará Íńdíà ṣe ní 2019, kò sì dáwọ́ dúró títí aago fi pé 100. Iye yẹn làwọn ìwé ìròyìn gbé sórí àkọlé. Ṣùgbọ́n Guinness World Records, àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ àgbáyé náà sílẹ̀, ní àwọn ṣì máa yẹ ẹ̀rí wò ná. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Wọ́n yọ nǹkan bíi wákàtí méje kúrò, torí pé ó ṣèèṣì lo ìṣẹ́jú tó ju iye tó tọ́ sí i lọ nínú ọ̀kan lára ìsinmi tó gbà níbẹ̀rẹ̀. Òfin wọn ni pé ìṣẹ́jú 5 péré ni ìsinmi lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá ṣe parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè kó wọn jọ.

Ọmọ tó bá gbé ohun tó gbọ́ nígboro wá yóò sọ pé 100. Ìwé kejì yóò sọ pé 93 àti 11. Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní padà sínú ìwé. Ẹ bi wọ́n pé: "Which words in the first report show that the record was not yet official?" Bí oníròyìn náà bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á rí "attempt", wọ́n á rí "yet to confirm". Ẹ tún bi wọ́n pé: "Was the first report false?" Èyí ni wọ́n máa jà lé lórí, ìjà gidi sì ni, torí pé lóòótọ́ ni aago pé 100, lóòótọ́ náà ni pé wọn ò ka gbogbo rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà: "By how much did she still beat the old record?" Wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 26 ni. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ò yọ̀ mọ́ lẹ́nu àmọ́ tó mọ ìṣirò á rí ibi gbé ohùn sókè lọ́jọ́ yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ ìkẹta, ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ni Guinness kéde Alan Fisher, ará Ireland tó ń ṣe oúnjẹ tà ní Japan, pẹ̀lú wákàtí 119 àti ìṣẹ́jú 57.

Ti Tobi Amusan, eléré ìje ọmọ Nàìjíríà, náà jọ ọ́. Ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2022, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré hurdles mítà 100 kí wọ́n tó sá àṣekágbá, ó wá fi 12.06 sá àṣekágbá fúnra rẹ̀. 12.12 ni wọ́n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé. Kí ló dé tí èyí tó pẹ́ jù fi jẹ́ àkọsílẹ̀? Atẹ́gùn tó ń tì wọ́n lẹ́yìn nígbà àṣekágbá jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 2.0 sì ni òfin gbà. Gbólóhùn kan péré ni ìròyìn sábà máa ń fi sọ ìyẹn, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ọmọ tó ń sáré kàwé kì í dé.

Ẹ gé ìròyìn náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ẹ má tún un kọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tó le, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ̀rọ bíi ChatGPT bá wọn ṣe é, tí "reportedly" àti "according to" á fi pòórá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn gan-an ni ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ náà tún lè yí iye padà láì sọ fún yín. Ìpínrọ̀ ni kí ẹ yọ, kí èyí tó kù wà bí oníròyìn ṣe kọ ọ́. Tó bá jẹ́ ìròyìn kan, ọ̀rọ̀ 250 sí 300 tó. Tó bá jẹ́ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju 180 lọ, kí méjèèjì lè gba ojú ìwé A4 kan ní lẹ́tà 14. Ẹ yọ ìpolówó ọjà, ẹ yọ "READ ALSO" tó máa ń há sáàárín. Ẹ fi nọ́ńbà síwájú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ìwé ìròyìn àti ọjọ́ tó jáde sókè. Ọjọ́ yẹn wúlò, torí òun ló ń sọ èyí tó ṣáájú.

Kí ẹ tó lọ ṣe fótókópì, ẹ fún ọmọ kan tí kì í ṣe olórí kíláàsì, tí kì í sì í ṣe ẹni ìkẹyìn, ní ọ̀rọ̀ 100 àkọ́kọ́, kó fa ìlà sábẹ́ èyí tí kò yé e. Tó bá fàlà sí ju márùn-ún lọ, ẹ gé e sí i tàbí kí ẹ wá òmíràn. Àwọn tó ṣèwádìí lórí ìwé kíkà, bíi Paul Nation ti New Zealand, ní kí èèyàn tó lè dá ka ìwé kó sì yé e dáadáa, ó yẹ kó mọ nǹkan bí ọ̀rọ̀ 98 nínú 100. Ẹ̀yin wà níbẹ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ lè gba 95. Ẹ má sì kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tuntun ju mẹ́fà lọ ṣáájú kíkà. Ti Hilda, "attempt", "evidence", "review", "previous" àti "deduct" tó. Èyí tó kù, kí wọ́n fi ọgbọ́n orí gbé e.

Ẹ ò nílò ẹ̀dà 45. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó, ìwé kan fún ọmọ mẹ́ta tó jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ inú ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo ìwé ẹ̀rí, ẹ ó lò ó fún SS2B àti SS2C, ẹ ó tún lò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Tí owó fótókópì ò bá sí rárá, ẹ fi máákà kọ ọ́ sórí káádíbọ́ọ̀dù, àmọ́ ẹ mọ̀ pé bí ẹni tó wà lẹ́yìn bá máa rí i kà, ọ̀rọ̀ bí 60 ni ojú káádíbọ́ọ̀dù kan lè gbà. Àkọlé àti ìpínrọ̀ méjì àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ ó sì ka ìyókù sí wọn létí. Ìwé ìròyìn The Hope tí wọ́n ń tẹ̀ ní Àkúrẹ́ náà ṣe é gé lò, kò sì jẹ dátà.

Pẹ́ríọ̀dù méjì ni iṣẹ́ yìí, ẹ má fún un pọ̀ sínú ìṣẹ́jú 40 kan. Ní ti àkọ́kọ́, àkọlé nìkan ni kí ẹ kọ sórí bọ́ọ̀dù. Ẹ pín bọ́ọ̀dù sí méjì, ẹ kọ "We heard" sí apá òsì, "We read" sí apá ọ̀tún. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n ti gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan lẹ́nì kan, ẹ kọ ọ́ sí òsì bó ṣe wá. Gbogbo gbọ́yìí-sọ̀yìí á jáde síbẹ̀ yẹn, kò sì ní tún yọjú láàárín iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pín ìwé.

Kíkà dákẹ́, ìṣẹ́jú méje. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ti "ìwọ ka ìpínrọ̀ kìíní, ìwọ ka èkejì". Ẹni tó ń kà sókè, bó ṣe máa pe ọ̀rọ̀ ló ń dà á láàmú, ìtumọ̀ ò kàn án. Àwọn tó kù ń ka iye èèyàn tó wà níwájú wọn kó tó kàn wọ́n. Ibẹ̀ náà ni ìpínrọ̀ kejì ti lè sọnù mọ́ yín lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti kà á tán, àwọn mẹ́ta mẹ́ta á dáhùn ìbéèrè mẹ́rin, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà ìpínrọ̀ tí wọ́n ti rí ìdáhùn síwájú rẹ̀. Ìdáhùn tí kò ní nọ́ńbà kò gba máàkì, kódà kó tọ̀nà. Òfin kékeré yìí ló ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn padà sí bọ́ọ̀dù: èwo ní apá òsì ni ìwé gbè lẹ́yìn, èwo ló já ní koro, èwo ni ìwé ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀? Èyí ìkẹyìn ló máa ń le fún wọn jù, torí ó ṣòro fún ọmọ láti gbà pé ohun tí òun mọ̀ kò sí nínú ìwé.

Ẹ má fojú kéré àkọlé o. Gírámà tirẹ̀ yàtọ̀. "Tems wins Grammy" kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, ọjọ́ 2 oṣù Kejì 2025 ló ti gbà á. "Singer to perform in Akure" kò tíì ṣẹlẹ̀. "Actress dragged over comment" sì ti yọ "was" kúrò, ọmọ á wá rò pé òṣèré náà ló wọ́ ẹlòmíràn. Kí wọ́n sọ àkọlé mẹ́ta bẹ́ẹ̀ di odindi gbólóhùn, pẹ̀lú "a", "the" àti "was" tó yẹ. Bí wọn ò bá ṣe èyí, ẹ ó bá "Tems win Grammy last year" nínú àròkọ wọn, wọ́n á sì bá yín jiyàn pé inú ìwé ìròyìn làwọn ti rí i.

Nǹkan míì tó ń ṣì wọ́n lọ́nà nínú ìròyìn ni pé oníròyìn kì í pe èèyàn ní orúkọ kan ṣoṣo. Hilda Baci á di "the chef" nínú ìpínrọ̀ kejì, á di "the Akwa Ibom native" nínú ìkẹta, á tún di "Hilda Effiong Bassey" níbi tí Guinness ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ á rò pé obìnrin mẹ́rin ló dáná. Ẹ ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù yí gbogbo orúkọ, gbogbo "she" àti "her", kí wọ́n fa ìlà so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹni tó ni ín. Èyí tún ń wo "he" tí àwọn ọmọ wa máa ń kọ fún obìnrin sàn, torí "ó" kan náà là ń lò fún tọkùnrin tobìnrin. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n mú "confirmed", kí wọ́n fi "claimed" dípò rẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tó yí padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, àmọ́ ọmọ tó bá mọ ìyàtọ̀ "said", "claimed", "alleged" àti "confirmed" ti mọ ìdajì ohun tí ìwé ìròyìn ń ṣe.

Ó wá ku ìjíròrò, ìyẹn pẹ́ríọ̀dù kejì. Ìdí tí àwọn mẹ́rin kan náà fi ń sọ̀rọ̀ ni pé ìbéèrè tí ẹ bá jù sáàárín kíláàsì, ẹni tó yára jù ló máa ń gbà á. Àwọn tó kù ṣì ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má ṣì í sọ káwọn ẹgbẹ́ wọn fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, kí olúkúlùkù kọ́kọ́ kọ gbólóhùn méjì sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú méjì láti fi Yorùbá bá ẹnì kejì wọn to èrò wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá. Àsìkò tiẹ̀ ni ẹ yà sọ́tọ̀ fún un yẹn. Tí ìṣẹ́jú méjì bá ti pé, ó parí. Èyí sàn ju kí ẹ máa fi owó ìtanràn lé e kiri nínú kíláàsì.

Ẹ wá pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án, márùn-ún márùn-ún, kí ẹ sì fún wọn ní nọ́ńbà 1 dé 5. Ẹni kan di ìwé mú, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa béèrè "Where is that in the text?" Ẹni kan ń kọ sílẹ̀. Méjì gba ìhà tó yàtọ̀ síra, ìkarùn-ún á sọ ìhà tí òun gbè sí àti ìdí rẹ̀. Ẹ má yan ẹni tó máa jábọ̀ fún kíláàsì ṣáájú. Tí ìṣẹ́jú méjìlá bá pé, ẹ kàn pe nọ́ńbà: "Number 3, stand up." Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tí wọ́n máa pè, gbogbo wọn á máa tẹ́tí, àwọn mẹ́rin tó ń sọ̀rọ̀ yẹn á sì di olùkọ́ fún àwọn tó jókòó tì wọ́n. Kọ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mẹ́rin sórí bọ́ọ̀dù kí wọ́n rí nǹkan dì mú: "According to paragraph 2...", "The writer does not say...", "I agree with... because...", "That may be true, but..." Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ẹ máa rìn kiri pẹ̀lú jọ́tà. Ẹ má já wọn lẹ́nu láti tún gírámà ṣe. Àṣìṣe mẹ́rin tí ẹ gbọ́ jù ni kí ẹ kọ sórí bọ́ọ̀dù nígbẹ̀yìn, láì dárúkọ ẹni tó ṣe é.

Nípa WAEC, tí ọ̀gá ilé ìwé bá bi yín pé kí ni gbajúmọ̀ ń wá nínú sílábọ́ọ̀sì, ẹ bi àwọn ọmọ ní irú ìbéèrè WAEC gan-an lórí ìròyìn náà. Kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó lè rọ́pò márùn-ún nínú ìròyìn náà láì ba ìtumọ̀ jẹ́. Kí wọ́n sọ orúkọ gírámà àpólà kan àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Kí wọ́n fi gbólóhùn méjì tí wọn ò dà kọ láti inú ìwé sọ ìdí tí Guinness fi yọ wákàtí kúrò. Dída gbólóhùn oníròyìn kọ ni wọ́n ń pàdánù máàkì sí jù nínú summary. Àròkọ ọ̀rọ̀ 450, lẹ́tà sí olóòtú ìwé ìròyìn náà, lè jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá.

Àwọn kókó kan wà tí kò yẹ kó wọ kíláàsì. "Wizkid ni àbí Davido" kì í ṣe ìjíròrò, kò sí ìwé tó lè parí rẹ̀, ìjà ló ń dà. Ìgbéyàwó tó tú, ọmọ ta ni, ẹ̀sùn tó ṣì wà nílé ẹjọ́: ẹ fi wọ́n sílẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ilé ìwé ìjọ, àwọn òbí á dé kí aago méjì tó lù. Tí wọ́n bá fẹ́ ọ̀rọ̀ orin dandan, ẹ mú ẹ̀ka ẹ̀bùn orin Áfíríkà tí Grammy dá sílẹ̀, tí Tyla ti South Africa kọ́kọ́ gbà ní 2024, tí Tems gbà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣé ó dára kí wọ́n ya ẹ̀ka sọ́tọ̀ fún Áfíríkà, àbí ṣe ni wọ́n fi ń ti orin wa sí kọ̀rọ̀? Ìhà méjèèjì ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní bínú lọ sílé.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó. Gẹ̀ẹ́sì ìròyìn gbajúmọ̀ tóóró, "slams", "drags" àti "breaks silence" ló kún inú rẹ̀, àkàyé WAEC sì lè jẹ́ ti ọ̀gbìn tàbí ti ìlera. Tí ó bá ti mọ́ wọn lára láti máa wá nọ́ńbà ìpínrọ̀, ẹ gbé e lọ sórí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Àwọn ìròyìn bulọ́ọ̀gì tí Gẹ̀ẹ́sì wọn ò gún, tí ẹ ti ń jù nù, ẹ kó wọn sínú fáìlì kan. Ní tẹ́ẹ̀mù kẹta, ẹ pín wọn fún àwọn ọmọ kan náà, kí wọ́n fi báírò pupa tún wọn ṣe.